Wúrà Ìyá Àgbà: Ohun tí Owó Àtijọ́ àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ń Sọ nípa Àwọn Ìdílé Àgùdà ní Àjàṣẹ́

Nígbà tí a bá ń kọ ìtàn àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà sí etí òkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí ó wà ní gbangba ni a sábà máa ń kà: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́, ilé ìjọsìn tí wọ́n dá sílẹ̀, orúkọ Potogí tí wọ́n ń jẹ́. Ohun kan wà tí kì í sí ní gbangba. Ó wà nínú àpótí kékeré lábẹ́ aṣọ, àwọn obìnrin ni wọ́n sì ń pa á mọ́: yẹtí, òrùka, ẹ̀gbà ọrùn, àti owó wúrà tí a lu ihò sí tàbí tí a jó ojú mọ́ kí a lè fi í kọ́ ọrùn. Ìtàn tí a ń sọ nípa wọn kì í gùn. Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta ni: «Ti ìyá ìyá wa ni. Ó ti Bàhíà mú un wá. A kì í tà á.» Gbólóhùn kékeré wọ̀nyí yẹ fún àyẹ̀wò bí ìwé àkọsílẹ̀ èyíkéyìí, nítorí pé wọ́n ń sọ ohun tí ìwé kò sọ.

1. Kí wúrà tó di ohun ogún

Láàrin àwọn Yorùbá ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́, wúrà kọ́ ni olórí ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́. Iyùn, sẹ̀gi àti ide ni. Èdè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Nígbà tí àgbà bá fẹ́ sọ pé ti ẹni ni a kọ́kọ́ ń tọ́jú, yóò ní: «Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.» Ìlẹ̀kẹ̀ ni òwe náà dárúkọ, kò dárúkọ wúrà.

Ọrọ̀ tí a ń kà, owó ẹyọ ni. Ogójì ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2.000, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20.000. Orúkọ àpò tí a ń kó owó sí ni ọ̀rọ̀ náà «ọ̀kẹ́» kó tó di orúkọ òǹkà. Láti erékùṣù Maldives ni owó ẹyọ kéékèèké ti ń wá. Láti 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú kan tí ó tóbi jù ú lọ wá láti Sansibá. Ọkọ̀ ń kó o dé lẹ́yìn ọkọ̀, iye rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ títí. Ẹni tí ó ti rì í mọ́lẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kò jalè, kò ná ìnákúnàá, síbẹ̀ ogún rẹ̀ dín kù nínú ilẹ̀.

Owó ẹyọ tún wúwo. Ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo jẹ́ ẹrù odindi ènìyàn. Nígbà tí ogun Dàhòmì tú Kétu ní 1886, tí a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, ta ni yóò ru ọ̀kẹ́ sá? Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ìdí nìkan ni ó lè bá ènìyàn lọ. Àwọn tí ó padà tún ìlú ṣe, lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì, orí ahoro ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìrántí ogún ní Kétu kò fi rí bákan náà pẹ̀lú ti Àjàṣẹ́. Ní Kétu, ohun tí ó sọnù ni a ń rántí; ní ilé Àgùdà, ohun tí a gbé dé ni.

2. Ìdí tí Àgùdà fi ní wúrà

Ìbéèrè kan wà níhìn-ín. Báwo ni ẹni tí a tà lẹ́rú ṣe wá di ẹni tí ó gbé wúrà bọ̀ wá sílé?

Ní ìlú Salvador, olú ìlú Bàhíà, ọ̀pọ̀ ẹrú ni a ń rán jáde láti lọ ṣiṣẹ́ tàbí kí wọ́n kiri ọjà. Iye kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ rẹ̀ fún olówó wọn. Ohun tí ó bá lé ni tiwọn. Àwọn obìnrin tí ń ta oúnjẹ, èso àti aṣọ gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n kó owó jọ, wọ́n sì ra ara wọn padà. Ní ìwọ̀n iye wọn, wọ́n ra òmìnira ju àwọn ọkùnrin lọ. Ẹgbẹ́ àjọ ran wọ́n lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tí ó jọ èsúsú tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé. Ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀, Sociedade Protetora dos Desvalidos, tí a dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1832, ṣì wà títí di òní.

Ní oṣù kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, tí Bàhíà ń pè ní Malê, dìtẹ̀ ní Salvador. A ṣẹ́gun wọn. Ní 13 oṣù karùn-ún ọdún náà, ìgbìmọ̀ aṣòfin Bàhíà ṣe òfin kan sí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira: wọn yóò máa san owó orí 10.000 réis lọ́dọọdún, wọn kò sì gbọdọ̀ ra ilẹ̀ tàbí ilé mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Obìnrin kan ti ra ara rẹ̀, ó ń ṣòwò, ó ń jèrè, ṣùgbọ́n òfin ti dí i lọ́nà ilé àti ilẹ̀. Níbo ni yóò kó èrè rẹ̀ sí? Ara rẹ̀ ni. Wúrà ọrùn àti fàdákà ìdí di ilé tí òfin kò jẹ́ kí ó kọ́.

Ẹ̀rí èyí wà títí di òní. Musiọ́mù Carlos Costa Pinto ní Salvador ní àkójọ irú ohun ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀gbà wúrà onílẹ̀kẹ̀ ńláńlá, àti penca de balangandãs, ìdì fàdákà tí a ń so mọ́ ìbàdí, tí ẹja, kọ́kọ́rọ́, èso àti owó rọ̀ mọ́. Ìwé ìhágún àwọn obìnrin olómìnira wà nínú ilé ìwé àkọsílẹ̀ Bàhíà, wúrà sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀sìn náà jẹ́rìí. Ide ni ohun Ọ̀ṣun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Bàhíà, nínú àwọn ilé òrìṣà tí wọ́n ń pe ara wọn ní «orílẹ̀-èdè Ketu», wúrà ni wọ́n ń pè ní ti Oxum. Òrìṣà kan náà ni. Ọ̀nà òkun ni ide rẹ̀ ti di wúrà.

3. Ojú kejì wúrà

Ìtàn yìí dùn-ún sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ nìyí. Ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni a rí wúrà púpọ̀ ní Minas Gerais. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn oníṣòwò Bàhíà ń fi wúrà náà pamọ́ sínú ọkọ̀ wá sí Wídà, pẹ̀lú tábà, bí ọba Potogí tilẹ̀ kà á léèwọ̀. Ènìyàn ni wọ́n fi ń rà. Èyí já sí pé, kí wúrà Bràsíìlì tó bá ẹni tí ó gba òmìnira bọ̀, ó ti kọ́kọ́ dé etí òkun wa gẹ́gẹ́ bí iye orí ẹrú.

Lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, «Àgùdà», irú ènìyàn méjì ni ó wà: àwọn oníṣòwò ẹrú, bíi Francisco Félix de Souza tí ó kú ní Wídà ní 1849, pẹ̀lú àwọn ìdílé wọn, àti àwọn tí a tà, tí wọ́n padà wá. Lẹ́yìn ìran méjì, wọ́n ti fẹ́ ara wọn, wọ́n ti ń jọ́sìn pọ̀. Wúrà wọn wà nínú àpótí kan náà. Wúrà kò ní àmì lára tí yóò fi hàn bóyá òmìnira ni ó rà tàbí òmìnira ni ó tà. Ọ̀rọ̀ ìdílé nìkan ni ó lè sọ ọ́, bí ìdílé bá fẹ́. Nígbà tí àgbà bá sì dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí, ó yẹ kí olùṣèwádìí kọ ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀ bí ó ti rí. Kí ó má fi ìtàn tí ó dùn dípò rẹ̀.

4. Ohun tí owó lè jẹ́rìí sí

Owó wúrà ní àǹfààní kan tí yẹtí kò ní: a kọ ọdún sí i lára. Bí ìdílé kan bá ní ìyá àgbà ni ó ti Bàhíà mú un wá, ojú owó náà lè ran olùṣèwádìí lọ́wọ́. Orí Ọba Pedro Kejì túmọ̀ sí Bràsíìlì láàrin 1831 àti 1889. Lára owó 20 fàráǹkì ti Faransé, orí Louis-Philippe wá láàrin 1830 àti 1848, ti Napoléon Kẹta láàrin 1852 àti 1870, àwòrán àkùkọ láàrin 1899 àti 1914. Lára owó pọ́n-ùn ti Gẹ̀ẹ́sì, Ọba obìnrin Victoria jẹ́ ọ̀dọ́ títí di 1887. Ó dé adé kékeré láti 1887 sí 1893. Ó fi ìbòrí borí láti 1893 sí 1901. A tún lè wọ̀n wọ́n: 20 fàráǹkì wọn gíráàmù 6,45, pọ́n-ùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 8.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ méjì wà. Èkíní, ọdún tí ó wà lára owó ń sọ ìgbà tí owó náà kò tíì lè dé ṣáájú rẹ̀. Kò sọ ìgbà tí ó dé. Owó 1865 kò lè bá ẹni tí ó padà ní 1840 wá, ṣùgbọ́n ó lè dé ní 1920. Èkejì, ọdún mìíràn ń tan ni jẹ. Owó fàdákà Maria Theresa, tí àwọn oníṣòwò ná káàkiri títí dé Bọ̀rọ̀nú àti ilẹ̀ Haúsá, 1780 ni ó wà lára gbogbo èyí tí a rọ lẹ́yìn ikú ayaba náà, títí kan èyí tí a rọ ní ọ̀rúndún ogún.

Bí owó bá sì tako ìtàn, kí a má sáré pe àgbà ní onírọ́. Bóyá a ti pààrọ̀ owó àkọ́kọ́ nígbà ìṣòro, tí a wá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìtàn tí ó wà lára ti àkọ́kọ́ wá ṣí sórí èkejì. Ìyẹn náà jẹ́ ìtàn.

5. Orúkọ baba, wúrà ìyá

Orúkọ Àgùdà ń tọ baba lẹ́yìn. Da Silva bí da Silva. Ọmọbìnrin tí ó bá lọ sílé ọkọ, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́ orúkọ mìíràn. Ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, ohun tí ìyá fi ara rẹ̀ ní, ti ọmọ rẹ̀ ni, ohun ọ̀ṣọ́ sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Nítorí náà, ìwé ìdílé a máa pa orúkọ àwọn ọkùnrin mọ́, àpótí wúrà a sì máa pa orúkọ àwọn obìnrin mọ́: «Ìyá yìí ló fún ìyá yẹn, kó tó kàn mí.» Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni kò sí níbòmíràn àyàfi nínú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Èdè tí a fi sọ gbólóhùn náà ṣe pàtàkì. Ní Àjàṣẹ́, Gùn àti Yorùbá lè wà nínú ilé kan. Yorùbá ní wúrà. Gùn ní sikà, ọ̀rọ̀ tí ó bá ti àwọn Akan mu, àwọn tí wúrà ń wà jáde ní ilẹ̀ wọn. Obìnrin tí ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí ó pe ẹ̀gbà kan ní sikà, lè máa tún ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ sọ. Bí ó bá pe ọwọ́ kékeré tí a dì, tí àtàǹpàkò yọ láàrin ìka méjì, ní figa, Potogí ni ó ń sọ. Bí ó bá ka iye nǹkan ní sílè àti tọ́rọ́, owó Èkó ni ó ń rántí, tí ó ń kọjá sí ìhà Faransé kí a tó fa ààlà ní 1889 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ «bijou» sílẹ̀ dípò gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti sọ ìdajì ẹ̀rí nù.

6. Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀

Ní oṣù kìíní 1994, a dín iye owó CFA kù sí ìdajì sí ti Faransé. Iye wúrà ní CFA di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí oúnjẹ àti oògùn ń wọ́n. Ìgbà bẹ́ẹ̀ ni àpótí ń ṣí. Kò sí ẹni tí ó lè dá ìyá lẹ́bi tí ó bá ta yẹtí kí ọmọ lè gba ìtọ́jú. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ pa wúrà mọ́ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí alágbẹ̀dẹ wúrà bá ti yọ́ ọ, ọdún ara owó ti lọ, ojú ọba ti lọ, ìdí tí a fi ń dárúkọ ìyá àgbà sì ti lọ pẹ̀lú wọn.

Iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kì í ṣe láti sọ pé kí a má tà. Kí ó béèrè nǹkan márùn-ún ni: Kí ni ẹ ń pè é? Ta ló fún yín? Ta ló fún ẹni náà? Ìgbà wo ni ẹ ń wọ̀ ọ́? Kí ni wọ́n sọ fún yín nípa rẹ̀? Kí ó kọ ìdáhùn ní èdè tí a fi sọ ọ́, kí ó kọ ohun tí ó wà lára owó, kí ó má ṣe tẹ orúkọ ilé tí wúrà wà jáde, nítorí olè. Ìwé àkọ́kọ́ tí obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ lè jẹ́ orúkọ àwọn ìyá rẹ̀, láti orí ẹni tí ó gbé wúrà dé títí dé orí òun fúnra rẹ̀. Bí a bá ti kọ ọ́, a lè ta wúrà láìta ìyá.