Abọ́ Fàdákà Bọ́mà àti Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n

Láti ẹnu àwọn bàbá wa tí wọ́n jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ láàárín 1943 sí 1945 ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Bọ́mà. Ìròyìn ogun nìkan ni wọ́n mú bọ̀. N kò mọ̀ pé ọ̀gá ni àwọn ará ibẹ̀ nínú iṣẹ́ fàdákà, àfi ìgbà tí mo rí abọ́ wọn kan ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé iṣẹ́ Íńdíà ni. Àkọlé yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Láti Íńdíà ni ẹ̀sìn Búdà ti dé Bọ́mà. Igbá tí àwọn mọ́ńkì fi ń gba oúnjẹ kiri ni abọ́ náà fi ìrísí jọ. Ìtàn àwọn àtúnwáyé Búdà àti ìtàn Ọba Rama ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ sí i lára. Ṣùgbọ́n Rama tún gba ọ̀nà mìíràn wọlé: nígbà tí ogun Bọ́mà kó Ayutthaya, olú-ìlú Siam, ní 1767, wọ́n kó àwọn òṣèré àti oníṣẹ́ ọnà ààfin lẹ́rú, eré Rama sì bá wọn lọ. Fàdákà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará Ṣáínà fi wa kùsà rẹ̀ ní Bawdwin, ní ilẹ̀ Shan.

Ní 1885, Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Thibaw kúrò ní Mandalay. Ọba tí ń gbé iṣẹ́ fún alágbẹ̀dẹ kò sí mọ́. Òyìnbó di oníbàárà, ó ń bèèrè ìkòkò tíì àti ife ẹ̀yẹ. Wọ́n rọ wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò yí padà: wọ́n ń ti inú lu fàdákà kí àwòrán lè yọ síta, wọ́n ń da oje sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi irin ṣóńṣó parí ọnà láti ìta. Aṣọ ààfin Bọ́mà ni Rama sì wọ̀ lára abọ́ wọn.

Kí ló dé tí wọ́n fi pè é ní ti Íńdíà? Títí di 1937, abẹ́ ìjọba Íńdíà ni Gẹ̀ẹ́sì fi Bọ́mà sí. Ìwé ìjọba ni ó bí àkọlé náà.

Àwọn àgbà wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó yá ọgbọ́n, tí ó fi kún tirẹ̀, òun ni ó ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá ní àṣẹ, Bọ́mà ni ǹ bá kọ sí abọ́ náà, ǹ bá sì to orúkọ gbogbo àwọn tí ó yá ọgbọ́n lọ́wọ́ wọn sí ìsàlẹ̀.