Láti Oregun dé Ìkògòsì: Sátidé Kan Lẹ́bàá Omi Lọ́wọ́ọ́wọ́

Aago mẹ́rin ìdájí. Bọ́ọ̀sì ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Oregun, àmọ́ ṣíìfù òru kò tíì jáde. Ilé-iṣẹ́ tí ń fi ike ṣe ọmọrí ìgò ni àwọn tí à ń retí ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn, òun ló sì mú mi dání. Díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ síbí ṣojú mi; ìyókù, mo bi wọ́n léèrè lẹ́yìn tí a padà dé, mo sì tò ó bí wákàtí ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Mo fẹ́ kí ẹni tí kò bá wa lọ mọ ohun tí ọjọ́ kan péré lè ṣe fún ara òṣìṣẹ́.

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. A gbéra. Ọ̀nà Kudirat Abiola la gbà, èyí tí àwọn àgbà àdúgbò ṣì ń pè ní Oregun Road. Kí òmìnira tó dé ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní agbègbè Ìkẹjà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Cadbury tẹ̀dó sí Agidingbi. Dunlop ń ṣe táyà títí di 2008, kó tó di pé wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, tí ọ̀pọ̀ bàbá ilé padà sílé láìníṣẹ́. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sí ibi tí kò ṣiṣẹ́ rí lágbègbè yẹn. Ó ń nawọ́ sí àwọn ògiri tí a ń kọjá.

"Ibí yìí, mo ṣe ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni báyìí."

"Ọ̀hún ńkọ́, Bàbá?"

"Wọ́n ti sọ ọ́ di gbọ̀ngàn àríyá, ọmọ mi."

Aago mẹ́fà títí di mẹ́jọ kọjá. Oorun ni. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn kò dára tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ń gbọ̀n wá, síbẹ̀ kò sí ẹni tó jí. Ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ bàtà. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí mi ò wò ó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú, ojú ibi tí bàtà ilé-iṣẹ́ ti ń há a sì ti dúdú. Wákàtí méjìlá ló fi ń dúró lóru, níwájú ẹ̀rọ tí ń pọ ọmọrí ìgò jáde láìdákẹ́, kí ó lè máa ṣa èyí tí kò dára kúrò. Àga kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún jí, mo ṣàkíyèsí pé ṣe ni gbogbo wọn ń pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó wọn kò jìnnà síra. Ariwo ẹ̀rọ ló ti sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án. Àkàrà àti búrẹ́dì ní Iléṣà.

Aago mẹ́wàá. Lẹ́yìn Ìwàràjà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí gòkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òkè ní ọ̀tún, òkè ní òsì, atẹ́gùn tútù sì ń wọlé. A gba Aràmọkọ, a yà sí Ẹ̀rínjìyàn.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀. Ìkògòsì. Igbó ṣíjibo ibẹ̀, igi ńláńlá pọ̀ débi pé oòrùn kò lè tàn dé ilẹ̀ tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú àlejò káàkiri sọ ìtàn tí gbogbo ará ìlú mọ̀, ti ọdẹ tó ní ìyàwó méjì: ọ̀kan onínú fùfù, ọ̀kan onísùúrù. Ìjà wọn le títí wọ́n fi di omi, ọ̀kan lọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀kan tútù. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta ní ọ̀rọ̀ tiwọn náà. Wọ́n ní kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín ló ń mú omi náà gbóná. Omi òjò ló ń gba àlàfo inú òkúta Ẹ̀fọ̀n wọ ilẹ̀ lọ jìnnà, ibi tí ooru wà, kó tó tún sun jáde. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn mọ́ mi, mi ò sì rò pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Nǹkan bí 1952 ni John McGee, míṣọ́nnárì Baptist láti Amẹ́ríkà, jẹ́ kí àwọn ará ìta mọ̀ nípa ibẹ̀, tí ìjọ Baptist sì ní ibùdó fún àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ará ìlú ti ń wẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó dé.

Ní ibi tí omi méjèèjì ti pàdé, ènìyàn lè ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó ki tòsì bọ èyí tó tutù. Gbogbo wa la ṣe é, a sì ń kígbe bí ọmọdé.

Aago méjìlá ọ̀sán. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ó yé yín. Ìgbóná omi náà súnmọ́ ti ara ènìyàn gan-an, ìwọ̀n 37 tàbí 38 Celsius. Nítorí náà, kì í jóni, kì í sì í múni gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó jókòó sórí òkúta, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò gbóná jù?"

"Mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi parí sí mọ́," ó ní. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kò lè bọ́ ṣòkòtò lójú àwọn ọmọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó wọnú omi tán, ìdajì wákàtí kọjá kó tó gbà láti jáde.

Aago kan ààbọ̀. Oúnjẹ. Ẹnì kan gbé omi inú ike kalẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń rọ láti orísun Ìkògòsì tí wọ́n ń pè ní Gossy. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí i, ó gbé ọmọrí rẹ̀ sókè, ó yí i wò, ó fi èékánná tọ́ eteetí rẹ̀. "Ẹni tó ṣa èyí mọṣẹ́," ó ní. Níbẹ̀ ni mo ti rántí Karlovy Vary ní ilẹ̀ Czech, níbi tí omi ti ń tú jáde ní ìgbóná bíi 73 Celsius. Ní 2021, UNESCO fi ìlú náà pẹ̀lú mẹ́wàá mìíràn ní Yúróòpù sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé nítorí omi wọn. Kì í ṣe ilé ìwẹ̀ nìkan ló ń bọ́ ìlú yẹn. Wọ́n ń ṣe ọtí ewé Becherovka níbẹ̀ láti 1807, wọ́n sì ń ṣe gíláàsì Moser láti 1857. Àlejò wá wẹ̀, ó ra gíláàsì lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ àti omi jọ ń gbé ìlú ró.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń jowú jù ni ti Jámánì. Ní 1883, nígbà ayé Bismarck, wọ́n ṣe òfin pé kí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ máa dá owó pọ̀ fún ìlera òṣìṣẹ́. Títí di òní, bí iṣẹ́ bá ti ń ba ẹ̀yìn tàbí orúnkún ẹnì kan jẹ́, dókítà lè kọ̀wé pé kí ó lọ lo ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ní ìlú olómi, kí irú owó àjọdá bẹ́ẹ̀ sì san púpọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àwa náà ní òfin. Ti ọdún 2010 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san sápò àjọ ìjọba tí à ń pè ní NSITF, fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá pa lára, àti fún ìtọ́jú tí yóò mú un padà bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ tó ń wú lóròòru, ṣé kì í ṣe ìpalára ni? Èmi gbà pé ìpalára ni. Mo sì gbà pé omi bíi ti Ìkògòsì yẹ kó wà lára oògùn rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ pé àwọn olówó tó ń ṣe ìgbéyàwó àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèpàdé nìkan ni yóò máa gbádùn rẹ̀.

Aago mẹ́ta. A padà sọ́nà. Wọn kò fẹ́ kúrò.

Aago mẹ́fà kọjá, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lẹ́yìn Ìbàdàn. Oorun kò kun ẹnikẹ́ni mọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dá a lábàá pé kí wọ́n máa yọ díẹ̀ nínú owó oṣù, kí wọ́n lè máa lọ lọ́dọọdún. Ọmọbìnrin kan gbẹ́nu sí i láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, àwa tí wọ́n gbà síṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn agbàṣẹ́ṣe ńkọ́? Orúkọ wa kò sí nínú alájẹṣẹ́kù."

Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ló fèsì: òun náà kò sí nínú rẹ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn, ó gbóná, wọ́n tún padà sí ohùn ńlá wọn.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀. Kí a tó dé Bẹ́gà, ẹ̀gbọ́n mi ti fi báírò kọ lẹ́tà sí ẹ̀yìn ìwé ọmọ ilé-ìwé kan, tí wọ́n fẹ́ gbé fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ohun mẹ́ta ni wọ́n béèrè: kí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ títí láé lè wọ alájẹṣẹ́kù, kí ilé-iṣẹ́ dá sí owó ọkọ̀ ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì gbé àga sí ìdí ẹ̀rọ fún ṣíìfù òru. Wọ́n jiyàn lórí èyí tó yẹ kó wà lókè. Àga ni wọ́n fi ṣáájú.