Ọwọ́ àti Ahọ́n: Bí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ayé Àtijọ́ Ṣe Rí Oúnjẹ Jẹ ní Òkè-Òkun

Kì í ṣe òní ni àwọn ọmọ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti ń wá iṣẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ní òkè-òkun. Nígbà tí a bá dárúkọ àwọn aṣáájú tí wọ́n jà fún òmìnira, oyè wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ìwọ̀nba ló ń béèrè ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó jẹun.

Nnamdi Azikiwe gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1925. Ó kàwé ní Storer, ní Howard àti ní Lincoln, ṣùgbọ́n ó fọ abọ́, ó sì wa èédú. Kwame Nkrumah, ọmọ Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, lọ sí Lincoln ní ọdún 1935. Ó kiri ẹja ní Harlem, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ, ó sì ṣe ìránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ohun méjì ló fà á. Èkíní, owó ilé kì í tó, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba sì ṣọ̀wọ́n. Èkejì, àwọ̀ ara wọn ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ tó bá ìwé wọn mu. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n rí tà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, gbà. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922 láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Nígbà tí owó kò tó o ná, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè ìlà-oòrùn ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Èdè abínibí rẹ̀ di oúnjẹ fún un ní ilẹ̀ àjèjì.

Ṣólàńkẹ́ kò jẹun tán kó gbàgbé ẹlòmíràn. Ní ọdún 1925, òun àti Herbert Bankole-Bright pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀. Nítorí pé àwọn onílé kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé, ó rin ìrìn-àjò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó ilé ibùgbé. Wọ́n ṣí ilé náà ní Camden Road ní ọdún 1933. Nígbà tí Nkrumah fúnra rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, WASU wà ńbẹ̀ láti gbà á mọ́ra.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra àjò lónìí lè rí ẹ̀kọ́ méjì dì mọ́ ẹrù: kò sí iṣẹ́ òtítọ́ tó ń ba ọlá ọ̀mọ̀wé jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èdè Yorùbá tí àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì ti bọ́ ọmọ Abẹ́òkúta kan ní Lọ́ńdọ̀nù rí.