Ẹ̀rọ pọ́líìṣì oníyípo méjì

Ẹ̀rọ pọ́líìṣì oníyípo méjì, tí àwọn tí ń ta irinṣẹ́ sábà máa ń pè ní DA, jẹ́ irinṣẹ́ àfọwọ́mú tí a fi ń mú àbùkù kúrò lójú ọ̀dà ọkọ̀ kí ó lè dán padà. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ọ̀nà tí ó ń gbà yí: fóòmù iwájú rẹ̀ ń yí lórí ara rẹ̀, ó sì tún ń yí po ojú kan tí kì í ṣe àárín rẹ̀, ní àkókò kan náà. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ oníyípo kan tí àwọn pẹ́ńtà ọkọ̀ ti ń lò tipẹ́tipẹ́. Nítorí pé kì í tètè mú ọ̀dà gbóná, òun ni a sábà máa ń gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti kọ́kọ́ rà.

Ní Jobele, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijio ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti ní àwọn ìlú ìtòsí rẹ̀ bíi Fiditi àti Ilora, yíyan ẹ̀rọ yìí kò dá lórí iye owó nìkan. Irú iná tí ẹ̀rọ náà ń lò, eruku, oòrùn àti ọ̀dà ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ wà lára ohun tí olùrà ní láti gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀dà ọkọ̀ àti àwọn àbùkù rẹ̀

Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òde òní, ìpele mẹ́ta ni ó kéré jù nínú ohun tí a kùn sórí irin. Àkọ́kọ́ ni páráìmà, tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Èkejì ni ọ̀dà aláwọ̀. Ẹ̀kẹta ni kílíà, ìpele tí kò ní àwọ̀, tí ń dán bíi díńgí, tí ó sì ń dáàbò bo àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn.

Nínípọn gbogbo ìpele wọ̀nyí sábà máa ń wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 180. Kílíà nìkan kì í sábà ju nǹkan bíi 35 sí 50 lọ. Máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Fọ́nrán irun orí kan tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 70, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kílíà fẹ́lẹ́ ju irun lọ. Iṣẹ́ pọ́líìṣì kò fi ohunkóhun kún un. Ńṣe ni ó ń há díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ títí tí ìlà tí ó bà á jẹ́ kò fi ní sí mọ́. Ohun tí a bá há kúrò kì í padà, nítorí náà ìwọ̀nba ìgbà ni a lè pọ́líìṣì ọkọ̀ kan dáadáa kí kílíà rẹ̀ tó tán.

Àbùkù tí ó wọ́pọ̀ jù ni àwọn ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí ó rí bí òwú aláǹtakùn nígbà tí oòrùn bá tàn sí ọkọ̀. Iyanrìn tí ó há sínú fóòmù tàbí àkísà tí a fi ń fọ ọkọ̀ ni ó sábà máa ń fà á. Àwọn mìíràn ni ṣíṣá ọ̀dà nínú oòrùn, àpá omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ tí ó gbẹ sára ọkọ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ, àti oje igi tí ó kán sórí ọkọ̀ tí a gbé sábẹ́ máńgòrò. Bí èékánná bá há sínú ìlà kan nígbà tí a bá fi kọjá lórí rẹ̀, ìlà náà ti jìn jù fún pọ́líìṣì. Iṣẹ́ pẹ́ńtà ni.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ẹ̀rọ oníyípo kan, àárín fóòmù wà lórí ọ̀pá tí mọ́tò ń yí tààrà. Gbogbo agbára mọ́tò ni ó ń dé ojú ọ̀dà, ooru sì máa ń kó jọ sí ojú kan bí ọwọ́ bá dúró. Ó yára, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ní ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, ó lè jó kílíà ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tàbí kí ó fi àwọn ìlà yíyípo tuntun sílẹ̀.

Nínú ẹ̀rọ oníyípo méjì, ọ̀pá tí ó di fóòmù mú kò sí ní àárín gbùngbùn. Ìwọ̀n irin kan wà ní òdìkejì rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa gbọ̀n jù. Bí mọ́tò ti ń yí ọ̀pá yìí po, fóòmù ń rìn ní òbìrí kéékèèké, ó sì tún ń yí lórí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí pé kì í tọ ipa kan náà léraléra, ooru a máa tàn ká. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù tàbí tí a bá mú un dagun, yíyí fóòmù lórí ara rẹ̀ yóò dúró, gbígbọ̀n nìkan ni yóò sì kù. Ìdúró yìí ń dín agbára iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó ń gba ọ̀dà lọ́wọ́ àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn oníṣẹ́ a máa fi gègé fa ìlà kan sí etí àwo ẹ̀yìn fóòmù, kí wọ́n lè máa fojú rí i bóyá ó ṣì ń yí.

Oríṣi kan tún wà tí jíà inú rẹ̀ ń fi ipá yí fóòmù, tí kì í dúró bí a tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́. XC 3401 ti ilé iṣẹ́ Flex ní Jámánì jẹ́ ọ̀kan tí a mọ̀ dáadáa nínú wọn. Ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń mú ọ̀dà gbóná jù ú lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ ni ó yẹ.

Ohun tí a ń wò kí a tó rà á

Fífẹ̀ ìyípo ni ohun àkọ́kọ́. Èyí ni fífẹ̀ òbìrí tí fóòmù ń rìn, mìlímítà ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn tí ó ní 8 tàbí 9 rọrùn láti darí, wọ́n sì ń wọ ibi tó há bíi ara bọ́ńpà àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Porter-Cable 7424XP ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi kọ́ṣẹ́, ní 8, ó sì ń yí láti ìgbà 2,500 sí 6,800 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tí ó ní 15 tàbí 21, irú èyí tí Rupes, ilé iṣẹ́ Ítálì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, sọ di gbajúmọ̀, ń yára parí ojú títẹ́ bíi bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé ọkọ̀, ṣùgbọ́n fóòmù wọn tètè máa ń dúró lórí ibi tó tẹ̀ kọdọrọ. Fún ẹni tí yóò ra ẹyọ kan ṣoṣo, 8 tàbí 9 ni kò léwu jù. 15 dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lórí ọkọ̀ ńlá.

Èkejì ni àwo ẹ̀yìn. Èyí tí ó jẹ́ íńṣì 5 bá ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ mu, fóòmù rẹ̀ sì wọ́pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀kẹta ni ìdarí ìyára: kí nọ́ńbà ìyára máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀rọ má sì fò lójijì nígbà tí a bá tàn án. Ẹ̀kẹrin ni ìwúwo. Kìlógíráàmù 2 àti 2.8 lè dà bí ohun kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, apá ni yóò sì sọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ìkarùn-ún ni bí kábọ́ọ̀nù mọ́tò, àwo ẹ̀yìn àti wáyà rẹ̀ ṣe rọrùn tó láti rí rà. Ẹ̀rọ olówó ńlá tí kò ní ohun èlò ìpààrọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ lè di ẹrù lásán ní ọjọ́ tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ bá jẹ tán.

Ọ̀rọ̀ iná

Iná Nàìjíríà jẹ́ fólítì 230. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ ti fólítì 120, àwọn kan tí ó sì ti ibi iṣẹ́ ìkọ́lé Gẹ̀ẹ́sì wá, tí púlọ́ọ̀gì wọn jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, jẹ́ ti fólítì 110. Bí a bá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì irú wọn tí a sì kì wọ́n bọ iná ilé tààrà, mọ́tò wọn yóò jó. Wọ́n nílò tìráńsífọ́mà tí ń mú iná wálẹ̀, agbára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Nítorí náà, àkọlé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ohun tí a kọ́kọ́ ń kà, kí a tó wo orúkọ tàbí iye owó rẹ̀.

Lójú àìdúróṣinṣin iná ìjọba, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ní agbègbè yìí ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé iṣẹ́ wọn ró. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráàlú ń pè ní «I better pass my neighbour» sábà máa ń gbé nǹkan bíi wáàtì 650. Ẹ̀rọ tí ń gba ámpíà 4.5 lórí fólítì 120 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 540, èyí tí ó fi súnmọ́ òpin agbára rẹ̀. Ẹ̀rọ wáàtì 900 tàbí 1,000 ti kọjá rẹ̀ pátápátá. Ẹni tí yóò bá ra ẹ̀rọ ńlá gbọ́dọ̀ ka owó jẹnẹrétọ̀ ńlá àti epo rẹ̀ mọ́ owó ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ oníbátìrì kò nílò iná níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì kan kì í sábà parí odindi ọkọ̀, bátìrì àfikún sì wọ́n.

Fóòmù, kọ́ńpáùn àti ọ̀nà lílò

Ẹ̀rọ nìkan kò ń há ọ̀dà. Fóòmù àti kọ́ńpáùn ni wọ́n ń ṣe é. Fóòmù líle ń há púpọ̀, èyí tí ó rọ̀ ń mú ojú ọ̀dà dán ní ìgbẹ̀yìn. Fóòmù oníwúlù àti oníwúruwúru ń há jù wọ́n lọ. Ó kéré tán, fóòmù mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọkọ̀ kan nílò, nítorí pé èyí tí ó bá ti gbóná tí ó sì ti kún fún ọ̀dà kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Owó tí a ya sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù fún nǹkan wọ̀nyí.

Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó rọ̀ jù. Lẹ́yìn tí a bá ti fọ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, tí a sì ti fi téèpù bo etí àti ohun dúdú oníke, a ó mú ojú kékeré kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 40 níbùú àti lóròó, láti fi dánwò. A ó ta kọ́ńpáùn díẹ̀ sórí fóòmù, a ó fi ìyára kékeré tẹ́ ẹ, kí a tó gbé ìyára sókè, a ó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ ní ìlà tí ó gun ara wọn. Lẹ́yìn náà a ó fi ọtí ìnù-ara tí a bu omi là nù ún, nítorí pé òróró inú kọ́ńpáùn lè bo ìlà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí àbùkù bá ṣì wà, ìgbà yìí ni a tó mú fóòmù tàbí kọ́ńpáùn tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó bá ṣiṣẹ́ lójú kékeré yìí ni a ó lò fún gbogbo ọkọ̀.

Lílò rẹ̀ ní agbègbè Afijio

Jobele, Fiditi àti Ilora wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tí ó so Ìbàdàn mọ́ Ọ̀yọ́. Erùpẹ̀ pupa ẹ̀bá ọ̀nà àti eruku ọyẹ́, tí ẹ̀fúùfù ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà láàárín nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, máa ń bà lé ọkọ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá nu eruku yìí ní gbígbẹ, ìlà ni yóò fà. Omi púpọ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dà sí i. Eruku tí ó bá bà lé ojú ọ̀dà nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ yóò di iyanrìn lábẹ́ fóòmù, nítorí náà abẹ́ ibòji tí a bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dára ju ìta gbangba lọ. Oòrùn ọ̀sán náà máa ń gbẹ kọ́ńpáùn kí ó tó ṣiṣẹ́ tán. Òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù.

Ọkọ̀ tòkúnbọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Kútọnu tàbí èbúté Èkó wọlé, ní ewu tirẹ̀. A lè ti tún apá kan lára rẹ̀ kùn, a sì lè ti fi pọ́tì dí ibi tí ó ti wó. Ẹ̀rọ tí ń wọn nínípọn ọ̀dà lè fi èyí hàn: níbi tí nọ́ńbà bá ti fò sókè lójijì, a ti tún ibẹ̀ ṣe, níbi tí ó bá ti kéré jù, ẹlòmíràn ti há a ṣáájú. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́ tí kò ní kíl­íà, àwọ̀ ọkọ̀ náà yóò máa hàn lára fóòmù. Èyí kì í ṣe àmì ìbàjẹ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀dà aláwọ̀ gan-an ni à ń há.

Ibi tí kílíà bá ti tán tàbí tí ó bá ti jó kò ṣeé fi pọ́líìṣì tún ṣe. Títún un kùn nìkan ni ó kù, owó rẹ̀ sì sábà máa ń ju owó tí a gbà fún iṣẹ́ pọ́líìṣì lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ kan fi ń kọ́kọ́ fi ara ìlẹ̀kùn tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù, tí wọ́n rà lọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà, kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó gba ọkọ̀ oníbàárà.