Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì àti Ilé Ìkàwé: Láti Oko Agége dé Ọmọ́lé

Àwọn baba wa máa ń wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí náà ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ilé ìkàwé wá síwájú yín, kí a lè mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá àti ohun tí ó kù tí a ní láti ṣe.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó dé agbègbè wa, oko ni kíláàsì. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Agége kọjá dé Ìbàdàn. Ní 1907 ni Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ìlú òkè wá ṣiṣẹ́ ní oko Coker ní Ìfàkọ̀, wọ́n kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n sì mú ìmọ̀ náà lọ sí ilé wọn. Bí a bá wò ó dáadáa, sáyẹ́ǹsì nìyẹn: ẹ̀kọ́ tí ojú rí, tí ọwọ́ sì ṣe.

Ní Èkó, ìwé ni ó kọ́kọ́ ṣáájú. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay ṣí CMS Grammar School ní oṣù kẹfà ọdún 1859, ọmọ 6 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríìkì, ìṣirò, ìtàn àti ẹ̀kọ́ Bíbélì wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́. Kẹ́mísírì kò sí níbẹ̀. Ó di 50 ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1909, kí King's College tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọmọ 10. Nínú ilé tí a kọ́ fún wọn ni yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísírì wà. Ẹ kíyè sí i: ọmọ 10 péré, ṣùgbọ́n a ti pèsè yàrá náà sílẹ̀ dè wọ́n.

Àwọn ọmọbìnrin náà kò gbẹ́yìn. Ọmọ 20 ni Queen's College fi bẹ̀rẹ̀ ní 1927. Ibẹ̀ ni Felicia Adetowun Ogunsheye ti kàwé, ẹni tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ètò ilé ìkàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1973 ni ó dá ilé ìkàwé àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina, nínú ọgbà Yunifásítì náà, kí ọmọ kékeré lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé.

Ní tiwa, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége wà títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà ju 800,000 lọ. Ní 1957 ni àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní Ìkẹjà, tí wọ́n ń wá ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ. Nígbà tí Lateef Jakande di gómìnà ní 1979, ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ kí àwọn ọmọ má bàa máa lọ sí ilé-ìwé ní ọ̀sán mọ́.

Orúkọ Babs Fafunwa tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ń jẹ́ ní Òjódù, nítòsí Ọmọ́lé, yẹ kí ó rán wa létí nǹkan. Ní 1970 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 6, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Wọ́n fi hàn pé èdè wa gba ìmọ̀, bí a bá fẹ́ kí ó gbà á.

Kí ni ó wá kù? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé ojú pátákó ni a ti mọ sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ ya ìgò, àwa náà yà á sínú ìwé wa. A kò fọwọ́ kan ìgò títí ìdánwò fi dé. A mọ yàrá tí a ti kó ohun èlò sí, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò ẹnì kan, nítorí ìbẹ̀rù pé àwọn ọmọ yóò fọ́ ọ. A mọ ilé ìkàwé tí eruku nìkan ń kà. Owó nìkan kọ́ ni ìṣòro wa. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìgò tí ó fọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ sàn ju ìgò tí ó pé nínú àpótí lọ.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn òkun pé bí ẹ bá fi ìwé ránṣẹ́, kí ẹ fi owó ẹni tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin òbí nílé, ẹ má béèrè ipò tí ọmọ gbà nìkan; ẹ béèrè ohun tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ yìí àti ìwé tí ó yá. Àwọn àgbẹ̀ Ìfàkọ̀ fi ọwọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ tiwọn, ó sì tàn kálẹ̀. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí tiwa kú sínú àpótí. Àṣẹ.