Kérésìmesì àti Àwọn Ọdún Òrìṣà Róòmù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọwọ́ àwọn abọ̀rìṣà Róòmù ni ìjọ Kristi ti gba ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Aurelian ọba Róòmù ya tẹ́ńpìlì sọ́tọ̀ fún Sol Invictus, òrìṣà oòrùn, lọ́dún 274. Ṣùgbọ́n ìwé kàlẹ́ńdà Róòmù ti ọdún 354 ni àkọsílẹ̀ tó dájú jù lọ tó fi ọdún òrìṣà náà sí ọjọ́ 25, ìwé yìí kan náà ló sì sọ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí Kristi. Ta ló wá lè fọwọ́ sọ̀yà pé apá kan ló gbà á lọ́wọ́ èkejì?

Ẹnìkan lè béèrè pé àwọn àṣà Kérésìmesì ńkọ́. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà ọdún òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Saturnalia, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá, àwọn ará Róòmù a máa jẹ, wọn a máa mu, wọn a fi àbẹ́là ta ara wọn lọ́rẹ, ọ̀gá a sì gbé oúnjẹ fún ẹrú. Ní ọ̀rúndún karùn-ún, Póòpù Leo Kìíní ṣì ń bá àwọn Kìrìsìtẹ́nì wí nítorí pé wọ́n ń tẹrí ba fún oòrùn kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Àmọ́ igi Kérésìmesì kò sí lára ogún yìí: ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn elédè Jámánì, nígbà tí wọ́n ti di Kìrìsìtẹ́nì tipẹ́tipẹ́.