Àṣírí Ohun Ìjà àti Òótọ́ Ìjọba

Ìbéèrè tí olóòtú ètò yìí gbé síwájú wa kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ohun ìjà, ṣé ó yẹ kí ìjọba sọ òótọ́ fún ará ìlú, àbí kí ó fi ọwọ́ bo ẹnu? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn kíá pé àṣírí ogun kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń pariwo rẹ̀ lójú ọjà. Wọn a sì rán wa létí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Nítorí náà, kí ọ̀tá má baà gbọ́, kí gbogbo wa dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún òwe náà gbọ́. Arọ tí òwe ń sọ kì í ṣe balógun, kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ará ilé lásán ni, ẹni tí kò lè sáré, tí ó jẹ́ pé gbígbọ́ nìkan ni ó lè gbà á là. Ẹ̀yìn ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ni òwe náà wà, kò sí lẹ́yìn ẹni tí ó fẹ́ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Kúta níhìn-ín, nítòsí Ìwó, tó ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọ Òwu ni àwọn ará Kúta, Olówu sì ni oyè ọba wọn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ogun Òwu ni a ti kọ́kọ́ lo ìbọn láàrin Yorùbá. Nígbà tí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú gbógun ti Òwu ní nǹkan bí àwọn ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú ti ní ìbọn tí wọ́n rà láti etíkun, agẹdẹngbẹ sì ni Òwu gbójú lé. Akíkanjú ni Òwu. Ìjà ojúkojú ni wọ́n mọ̀, wọn kò sì ka ohun tí ń dún lókèèrè sí. Kí wọ́n tó mọ irú ohun tí ó ń pa wọ́n, ọ̀pọ̀ jagunjagun wọn ti ṣòfò. Ìdótì ọlọ́dún gbọọrọ ni ó tẹ̀lé e, ìlú náà sì fọ́. Àwọn kan a máa sọ pé ìgbójú ni ó pa Òwu. Lójú tèmi, àìmọ̀ ni. Ìbọn kì í ṣe oògùn tí a fi pamọ́ sínú igbó. Ọjà ni, ẹni tí ó bá ń ná ọjà etíkun sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Nígbà tí ó fi di ogun Kírìjì, láàrin 1877 sí 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ti ń wá ìbọn ìgbàlódé, èyí tí à ń ki ọta rẹ̀ láti ìdí, ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ń sọ pé àwọn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ń ti ìlú tí ó wà lábẹ́ wọn jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Ogun tí mo fẹ́ kí a jókòó tì ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1967, tí ó sì parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1970. Ta ni ó ń ta ohun ìjà fún ìjọba àpapọ̀? Rọ́ṣíà ta bàlúù ogun. Ìjọba Ìlú Ọba, tí Harold Wilson jẹ́ olórí rẹ̀, kọ̀ láti ta bàlúù ogun àti bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n ó ta ìbọn, ọta ìbọn, àti ọkọ̀ ogun onírin bíi Saladin àti Ferret. Ó ní ìdí tirẹ̀: epo rọ̀bì tí Shell-BP ń wà, àti ẹ̀rù pé bí òun bá fà sẹ́yìn, Rọ́ṣíà ni yóò gba gbogbo àyè náà. Pé ó ń tà kì í ṣe àṣírí. Ìwọ̀n tí ó ń tà ni àṣírí. Láti 1968, tí àwòrán àwọn ọmọdé Biafra tí ebi sọ di egungun ti dé ojú tẹlifíṣọ̀n ní London, àwọn aṣòfin kò dẹ́kun láti bèèrè. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń gbà: pé ọlọ́jà àtijọ́ ni Ìlú Ọba jẹ́ fún Nàìjíríà, pé irú ohun tí òun ń tà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni òun ṣì ń tà, àti pé bí a bá fi owó díwọ̀n gbogbo ohun ìjà tí Nàìjíríà ń rà, ti òun kò ju nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí gbólóhùn kékeré náà: bí a bá fi owó díwọ̀n. Owó bàlúù ogun kan ṣoṣo lè ra ọta ìbọn tí yóò kún ilé ìpamọ́ bámúbámú. Ẹni tí ó ta bàlúù díẹ̀, owó rẹ̀ yóò pọ̀ nínú ìṣirò; ẹni tí ó ta ọta ìbọn bí yanrìn, owó rẹ̀ lè kéré. Bẹ́ẹ̀ ọta ìbọn ni ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ fi ń jà, òun sì ni ó pọ̀ jù lójú ogun náà. Mínísítà tí ó sọ pé 15 nínú ọgọ́rùn-ún lè má purọ́ rárá, síbẹ̀ kí ẹni tí ó gbọ́ ọ gbé irọ́ lọ sílé. Èmi tí mo ń fi èdè ṣe iṣẹ́ ṣe mo lè sọ fún yín pé irú ọ̀rọ̀ yìí ṣòro láti bá jà ju irọ́ gidi lọ, nítorí pé irọ́ gidi ní ibi tí a lè gbá a mú.

Ní oṣù Kejìlá 1969, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Robert Scott, olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ogun ní ilé aṣojú Ìlú Ọba ní Èkó, kọ ìròyìn kan lórí bí ogun náà ṣe ń lọ. Ó to ohun tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní, ó tọ́ka sí ibi tí wọ́n kù sí, ó sì sọ láìfi epo bọ iyọ̀ pé wọ́n ń yin ọta dànù sínú igbó bí ẹni tí ewé igi ṣẹ̀. Ìwé náà ní àmì àṣírí lára. Scott fi ẹ̀dà kan fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì Douglas Cairns, ọmọ Ìlú Ọba tí ó wà lára àwọn alámòójútó tí a pè láti orílẹ̀-èdè mélòó kan wá wo ìwà àwọn ọmọ ogun. Cairns fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gágun Henry Alexander, ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, tí ó sì ti ṣe olórí àwọn ọmọ ogun Gánà rí ní ayé Nkrumah. Alexander yá Jonathan Aitken ní ìwé náà kà. Ọ̀dọ́ oníròyìn ni Aitken nígbà náà, ó sì ń wá ọ̀nà dé ilé aṣòfin. Aitken ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó fún Hugh Fraser, aṣòfin tí ó fẹ́ràn Biafra, ó sì jẹ́ kí ó dé ọwọ́ ìwé ìròyìn Sunday Telegraph. Ẹ wo bí àṣírí ìjọba ṣe ń rìn. Kò sí amí kankan nínú wọn. Ọ̀rẹ́ ń fi han ọ̀rẹ́ ni.

Ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1970 ni ìwé ìròyìn náà tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ náà ni Ojukwu wọ bàlúù ní Uli, tí ó gba Ivory Coast lọ. Ní ọjọ́ kejì, Philip Effiong sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé kí àwọn ọmọ ogun Biafra dá ìjà dúró. Àṣírí tí a ní ó lè ṣe ìpalára lójú ogun, ogun rẹ̀ ti parí kí ẹnikẹ́ni tó lè fi ṣe ohunkóhun. Síbẹ̀, ìjọba Ìlú Ọba gbé Aitken, Cairns, Brian Roberts tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn náà, àti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, lọ sí ilé ẹjọ́ Old Bailey. Òfin tí wọ́n fi mú wọn ni ìpín kejì Òfin Àṣírí Ìjọba ti 1911. Òfin náà gbòòrò dé ibi pé ìwé yòówù tí ó bá ti ilé iṣẹ́ ìjọba jáde láìgba àṣẹ, ì báà ṣe ìwé tí a fi ka iye ife tíì tí wọ́n mu, ó lè di ẹ̀ṣẹ̀.

Ní oṣù Kejì 1971, àwọn ará ìlú 12 tí wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà dá gbogbo wọn sílẹ̀. Adájọ́ Caulfield ti sọ fún wọn pé ìpín kejì yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 60 ọdún, ó tó kí ó fẹ̀yìn tì, kí a fi èyí tí ó yé ènìyàn dípò rẹ̀. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan tí Lord Franks jẹ́ alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1972 pé kí a fagi lé e. Ọdún 1989 ni wọ́n tó fagi lé e ní tòótọ́. Ẹsẹ̀ ìjọba kì í yá bí ó bá jẹ́ òun ni yóò bọ́ra sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ Aitken di òrìṣà òótọ́. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó di mínísítà tí ń bójú tó ríra ohun ìjà ní 1992, tí ilé ẹjọ́ sì rán lẹ́wọ̀n oṣù 18 ní 1999 nítorí irọ́ tí ó pa lábẹ́ ìbúra. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà. Ìwé Scott kò di irọ́ nítorí ẹni tí ó gbé e jáde. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ dúró níbi tí ó wà.

Ṣé a wá ń sọ pé kí ìjọba máa ka ohun ìjà rẹ̀ sétí ọ̀tá? Rárá o. Ọ̀nà tí ọmọ ogun yóò gbà kọjá lọ́la, kọ́kọ́rọ́ ilé tí bọ́ǹbù wà, ọgbọ́n tí a fi ń ṣe é, ìkọ̀kọ̀ ni ó yẹ wọ́n. Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: ta ni a ń fi í pamọ́ fún? Ọmọ ogun Biafra mọ ọta tí ó ń bà á. Ìjọba Nàìjíríà mọ ohun tí òun rà. Rọ́ṣíà kò ṣàìmọ̀. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ará ìlú tí ń san owó orí ní Ìlú Ọba, àti ará ìlú Nàìjíríà tí a ń fi orúkọ rẹ̀ jà, nìkan ni kò gbọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, ohun tí a kò gbọ́ pa ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, iná ràn dé ilé tí àwọn ọmọ ogun ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà, láàrin ìlú Èkó tí ilé fi ara ti ilé. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri. Oṣù kan péré ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2001, ni wọ́n pa Bọ́lá Ìgè ní Ìbàdàn, ọkàn àwọn ènìyàn kò tíì balẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé àwọn ológun tún fẹ́ gba ìjọba ni. Wọ́n sá láìmọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá dé odò tí a gbẹ́ ní Òkè-Afá, ní apá Ìsọlọ̀, níbi tí koríko ojú omi ti bo odò náà tí ó fi dà bí ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Omi ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú, ìyá àti ọmọ ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ọ̀gágun George Emdin, olórí bárékè náà, jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó tọrọ àforíjì. Ó sọ pé ilé náà ti pẹ́, àti pé wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí jàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ tí ó dára ni láti tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà: àwọn ológun mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Ara ògiri wọn ni àwọn ènìyàn ń sùn sí. Bí ẹnìkan bá ti sọ fún wọn ṣáájú pé, “Bí ẹ bá gbọ́ ìró, iná ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ni, kì í ṣe ogun, apá ibi báyìí ni kí ẹ gbà,” ọ̀tá wo ni ìkìlọ̀ náà ì bá ràn lọ́wọ́?

Ó ṣeé ṣe kí a ṣe é lọ́nà mìíràn. Nígbà tí nǹkan bú ní Bódìjà, Ìbàdàn, ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024, kò pẹ́ rárá tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé fi sọ ohun tí ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn: pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ni ó kó ohun abúgbàmù sínú ilé. Kò jí òkú dìde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún ń sá kiri nítorí ogun tí kò sí.

Ní ti òfin, Nàìjíríà ṣe Òfin Àṣírí Ìjọba tirẹ̀ ní 1962, ní àwòrán ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Karùn-ún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ìpín 11 rẹ̀ gbà pé ìjọba lè kọ̀ bí ìwé náà bá lè pa ààbò Nàìjíríà lára, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kò gbọdọ̀ kọ̀ bí àǹfààní tí ará ìlú yóò rí níbẹ̀ bá ju ìpalára náà lọ. Ìpín 28 sì sọ pé àmì àṣírí lára ìwé kò tó ìdí láti dì í mú. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá fara ti bárékè lè kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin yìí, kò sì pọn dandan kí ó sọ ìdí tí ó fi ń bèèrè kí a tó dá a lóhùn. Ọjọ́ 7 ni a fún ilé iṣẹ́ ìjọba láti fèsì.